Òpójẹ̀ Ọrùn Tó Dí, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Là Á Láti Inú

Ẹ fi ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ gògóńgò yín, kí ẹ rọra tẹ ibẹ̀. Ohun tó ń lù lábẹ́ ìka yín yẹn ni òpójẹ̀ ọrùn, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní carotid. Ọ̀kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì. Àwọn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn gòkè lọ sí ojú àti sí apá tó pọ̀ jù nínú ọpọlọ. Ẹ má tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o, nítorí òòyì lè kọ́ ènìyàn, ó sì lè dákú. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Inú ọ̀rọ̀ wọn tó túmọ̀ sí oorun àsùnwọra ni orúkọ carotid ti jáde.

Ọpọlọ kò wúwo. Bí a bá gbé àgbàlagbà sórí ìwọ̀n, ọpọlọ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, òun nìkan ló ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ọ́síjìn tí gbogbo ara ń lò. Kì í sì í fi nǹkan pamọ́ dọ̀la: ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé wá báyìí ló ń jẹ báyìí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dé apá kan níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, apá yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Apá tó bá kú nínú ọpọlọ kì í hù padà. Ohun tí à ń pè ní rọpárọsẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ òpójẹ̀ ọrùn tó dí, àti ọgbọ́n tí àwọn dókítà fi ń là á láìla ọrùn, ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Àmọ́ bí a ṣe ń bá a lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ohun kan: ọgbọ́n náà kò wúlò fún ẹni tó bá pẹ́ kó tó dé ilé ìwòsàn.

Oríta inú ọrùn

Nígbà tí òpójẹ̀ yìí bá gòkè dé ẹ̀gbẹ́ orí gògóńgò, ó pín sí méjì. Ọ̀kan ya sí ojú, ẹnu àti awọ orí. Èkejì wọ inú agbárí lọ, ó ń bọ́ ọpọlọ àti ẹyinjú. Ibi oríta yìí ni ìyọnu ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dàgbà létí odò yóò mọ̀ pé ibi tí odò bá ti yà ni omi ti ń yí po, ibẹ̀ náà ni yanrìn sì máa ń jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣe ní oríta ọrùn.

Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń gbá ara òpó náà lójoojúmọ́, tí oró sìgá ń bá a jà, tí ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú òpó náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ á ráyè wọ abẹ́ awọ náà, á máa gbá jọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì wá di èépá. Ó lè gba ogún ọdún, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò dun ènìyàn, kò yún un, kò sì dí i lọ́wọ́ iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbà tí òpó bá dí pátápátá nìkan ni wàhálà ń dé. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń rí. Èépá yẹn ló máa ń sán. Bó bá ti sán, ẹ̀jẹ̀ á dì lé ojú ibi tó sán, bó ṣe máa ń dì sójú ọgbẹ́. Ègé kékeré, tí kò tóbi ju hóró gàrí lọ, lè já kúrò níbẹ̀, kó bá ẹ̀jẹ̀ gòkè, kó sì lọ há sínú òpó tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ọpọlọ. Ọrùn ni àrùn wà, ọpọlọ ló ń jìyà rẹ̀.

Ìkìlọ̀ tó ń kọjá lọ

Nígbà mìíràn, ègé tó já náà á yọ́, ẹ̀jẹ̀ á sì tún rí ọ̀nà kọjá kí ọpọlọ tó kú. Ohun tí aláìsàn máa rí ni pé ṣíbí ṣàdédé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè gbé apá náà. Tàbí kó fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ahọ́n wúwo, kí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sì sọnù lẹ́nu rẹ̀. Tàbí kí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tàbí kí ojú kan ṣàdédé ṣókùnkùn, bíi pé ẹnì kan fa kọ́tìnì bo fèrèsé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí ogún, gbogbo rẹ̀ á padà sípò. Apá á gbé, ọ̀rọ̀ á já geere, ojú á là.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń kú bí òpójẹ̀ òsì bá ní àbùkù, ọwọ́ òsì ló ń kú bó bá jẹ́ ti ọ̀tún, nítorí apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọ̀tún ara. Ṣùgbọ́n ojú kò tẹ̀ lé ìlànà yẹn: ojú tó ṣú wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú òpó tó dí, nítorí ẹ̀ka òpó yẹn gan-an ló ń bọ́ ọ. Dókítà tó bá gbọ́ pé ọwọ́ ọ̀tún kú díẹ̀ lánàá, tí ojú òsì sì ṣú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ti mọ ẹ̀gbẹ́ ọrùn tí yóò kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ scan lé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣàṣìṣe ni ìgbà tí àmì náà bá lọ. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ní àárẹ̀ ni, wọ́n á ní kí bàbá lọ sùn. Àwọn mìíràn á ní àsasí ni, wọ́n á sì wá ẹni tí yóò bá wọn tú u. Ṣùgbọ́n àmì ló lọ, ohun tó fa àmì kò lọ. Èépá tó sán ṣì wà ní ọrùn, ojú rẹ̀ ṣì tutù. Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkìlọ̀ yìí ni ewu rọpárọsẹ̀ ńlá ga jù, ìdí sì nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi fẹ́ kí wọ́n tún òpó náà ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bó bá jẹ́ pé ó yẹ ní títúnṣe.

Obìnrin kan wà nílùú London, ẹni ọdún 66. Ìgbà 33 ni irú ìkìlọ̀ yìí ṣe é. Ìgbà 33 ni apá rẹ̀ kú tó tún sọjí, tàbí tí ojú rẹ̀ ṣú tó tún là. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1954, ní ilé ìwòsàn St Mary's, Felix Eastcott àti Charles Rob fi yìnyín mú ara rẹ̀ tutù kí ọpọlọ rẹ̀ lè fara da ìdádúró ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gé ibi oríta tó dí náà kúrò, wọ́n sì rán orí òpó tó kù pọ̀ mọ́ra. Ìkìlọ̀ náà dáwọ́ dúró. Àwọn méjèèjì àti George Pickering kọ ìròyìn iṣẹ́ náà sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lọ́dún yẹn kan náà, gbogbo ayé oníṣègùn sì ta kìjí. Ṣáájú ìgbà náà, nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1953, Michael DeBakey ti la ọrùn awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan, ẹni ọdún 53, ní Houston ní Amẹ́ríkà, ó sì ha èépá inú òpójẹ̀ rẹ̀ jáde. Ọkùnrin náà tún lo ọdún 19 láyé.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ abẹ ọrùn ti di ohun tí wọ́n ń ṣe káàkiri. Àmọ́ ó pẹ́ kí ẹ̀rí tó dájú tó wà pé ó dára ju oògùn nìkan lọ. Ọdún 1991 ni ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, NASCET, fi èsì rẹ̀ hàn. Àwọn tí wọ́n wò ni àwọn tí ìkìlọ̀ ti ṣe, tí òpójẹ̀ ọrùn wọn sì ti fún tó ìdá 70 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín ọdún méjì, 26 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo oògùn nìkan ni rọpárọsẹ̀ kọlù ní ẹ̀gbẹ́ tí àrùn náà wà. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, 9 péré ni. Iye yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé "ó ti lọ".

Láti ojú ọ̀bẹ dé orí wáyà

Iṣẹ́ abẹ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọrùn ni ọ̀bẹ lè wọ̀. Ẹlòmíràn ti gba ìtọ́jú ìtànṣán nítorí àrùn jẹjẹrẹ, awọ ọrùn rẹ̀ ti le bí awọ ìlù. Ẹlòmíràn ti ṣe iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ rí. Ọkàn ẹlòmíràn kò lágbára tó láti gba oògùn oorun. Irú àwọn wọ̀nyí ló jẹ́ kí àwọn dókítà máa wá ọ̀nà mìíràn.

Ẹni tó ṣílẹ̀kùn ọ̀nà náà ni Charles Dotter, dókítà tó ń fi X-ray ya àwòrán inú òpójẹ̀ ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1964, wọ́n gbé ìyá àgbà ẹni ọdún 82 kan wá bá a. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ìyá náà ti ń rà, àwọn oníṣẹ́ abẹ sì ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ìyá kọ̀ jálẹ̀. Dotter ki wáyà bọ òpójẹ̀ itan rẹ̀, ó sì fi rọ́bà tó ń nípọn sí i tẹ̀ lé e, títí ibi tó dí fi là. Ẹsẹ̀ náà gbóná padà, ọgbẹ́ sì jinná. Ìyá náà kú ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà tòun ti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Andreas Grüntzig, ní Zürich ní ọdún 1977, fi bàlúùnù kékeré la òpójẹ̀ ọkàn alààyè. Kò pẹ́ sígbà náà ni Klaus Mathias ní Jámánì gbé ọgbọ́n kan náà dé ọrùn. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ oníṣègùn, ẹ̀rù wọn sì nídìí. Bí ègé èépá bá já níbi òpójẹ̀ itan, ẹsẹ̀ ni yóò dé. Bó bá já níbi òpójẹ̀ ọrùn, ọpọlọ ló ń lọ tààrà. Ọ̀nà tó ń dènà rọpárọsẹ̀ lè di ọ̀nà tó ń fà á. Nítorí náà ni Jacques Theron, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ronú pé kí wọ́n kọ́kọ́ dí òkè òpó náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fa ìdọ̀tí ibẹ̀ jáde kí wọ́n tó ṣí i. Inú èrò yẹn ni asẹ́ tí wọ́n ń lò lónìí ti wá.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo bàbá ẹni ọdún 68 kan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì sọjí. Oríire ló jẹ́ fún un pé ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, kò sẹ́jẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ scan lé ọrùn rẹ̀, wọ́n rí i pé òpójẹ̀ òsì ti fún tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ti gba ìtọ́jú ìtànṣán sí ọrùn rí, nítorí náà wọ́n yan láti là á láti inú.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé ni wọ́n ti fi í sórí oògùn méjì, aspirin àti clopidogrel, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì mọ́ irin tuntun tí wọ́n fẹ́ fi sí i lára. Wọ́n yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, nítorí omi aró tí wọ́n fi ń ya àwòrán máa ń ni kíndìnrín lára.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n tẹ́ bàbá sórí ibùsùn X-ray. Dókítà àti nọ́ọ̀sì wọ ẹ̀wù òjé kí ìtànṣán má baà wọ̀ wọ́n lára. Wọn kò fún bàbá ní oògùn oorun. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, wọ́n sì fi ohun ìṣeré rọ́bà kékeré kan sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, irú èyí tó ń ké bí ọmọdé bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Òpójẹ̀ òsì ni wọ́n fẹ́ ṣe, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò kọ́kọ́ sọ fún wọn bí nǹkan bá bàjẹ́. Bí dókítà bá ní "Bàbá, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́," tí rọ́bà ké, ọpọlọ ń rí ẹ̀jẹ̀.

Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú, níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ẹlòmíràn, ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lo ọgbọ́n tí Sven-Ivar Seldinger, ọmọ ilẹ̀ Sweden, kọ́ ayé ní ọdún 1953: abẹ́rẹ́ oníhò á wọ òpójẹ̀, wáyà á gba inú abẹ́rẹ́ wọlé, wọ́n á fa abẹ́rẹ́ yọ, rọ́bà á sì gun orí wáyà náà lọ síbi tí wọ́n fẹ́. Kò sí pé wọ́n la ẹran ara gbòòrò. Ihò tó kù níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Wọ́n fún un ní heparin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì lára rọ́bà. Rọ́bà náà wá gòkè, ó gba inú òpó ńlá tó wà níwájú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá, ó dé òkè ọkàn níbi tí òpó ńlá náà ti tẹ̀ bí ọrun, ó sì yà wọ ọrùn. Bàbá kò mọ̀ ọ́n lára, nítorí inú òpójẹ̀ kì í mọ ìrìn rọ́bà. Nígbà tí wọ́n fún omi aró wọlé, ó kàn rí i pé ojú àti ọrùn òun gbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Lójú ẹ̀rọ ni òpójẹ̀ náà ti yọ dúdú: ó nípọn bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó dé oríta, ó sì ṣàdédé fún bí ìdí abẹ́rẹ́, kó tó tún gbòòrò lókè.

Wáyà tó máa gba ibi tóóró yẹn kọjá kò nípọn tó ìdajì mìlímítà. Dókítà yí orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka méjì, kò tì í, kò fagbára. Nígbà tó kọjá, asẹ́ ló kọ́kọ́ ṣí sí òkè ibi tó dí. Ẹ rántí asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ ògì: omi ń kọjá, èérí ń dúró. Bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ yìí rí. Ó ṣí bí agbòjò nínú òpójẹ̀, ihò ara rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ lọ sí ọpọlọ, ègé èépá tó bá já á sì há síbẹ̀.

Wàyí o, bàlúùnù kékeré wọ ibi tóóró náà, wọ́n fẹ́ ẹ díẹ̀, bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ fèrè, wọ́n sì jẹ́ kó rọ̀. Ọ̀nà ṣí díẹ̀, ó tó fún stent láti kọjá. Stent yìí jẹ́ àwọ̀n irin tó rí roboto bí ọ̀pá, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àdàpọ̀ irin nickel àti titanium ni wọ́n fi ṣe é, irin tó máa ń rántí ìrísí rẹ̀. Wọ́n ká a kó sínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n fa rọ́bà náà sẹ́yìn, irin náà ṣí fúnra rẹ̀ nínú ooru ara, ó fi èépá mọ́ ẹ̀gbẹ́ òpó, ó sì dúró síbẹ̀. Kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́ láéláé.

Ìgbà tí wọ́n tún fẹ́ bàlúùnù nínú stent kó lè jókòó dáadáa ni gbogbo ojú yà sí ẹ̀rọ tó ń ka ìlùkìkì ọkàn. Oríta ọrùn yẹn gan-an ni ara fi ń wọn agbára ẹ̀jẹ̀. Bí bàlúùnù bá tẹ ibẹ̀, ara á rò pé ẹ̀jẹ̀ ti ru, ọkàn á sì fà sẹ́yìn. Ọkàn bàbá ń lù ní ìgbà 76 ní ìṣẹ́jú kan. Ó já wálẹ̀ sí 38. Oògùn atropine ti wà nínú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n fún un, ọkàn sì gbérí padà. "Bàbá, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́." Rọ́bà ké. "Orúkọ yín ńkọ́?" Ó dárúkọ ara rẹ̀ já geere.

Wọ́n pa asẹ́ náà dé, wọ́n sì fà á jáde. Bí wọ́n bá ṣí i sínú omi, wọ́n sábà máa ń bá ègé pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ aláwọ̀ ìyeyè nínú rẹ̀. Ohun tí ì bá ti lọ sí ọpọlọ nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Bàbá sùn sílé ìwòsàn mọ́jú, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ léraléra, nítorí ọpọlọ tó ti ń fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ gbélé tipẹ́ lè má lè gba ọ̀pọ̀ rẹ̀ lójijì. Bí orí bá ń fọ́ aláìsàn gidigidi lẹ́yìn iṣẹ́ náà, kó yára sọ. Bí nǹkan bá lọ déédéé, ó lè lọ sílé lọ́jọ́ kejì.

Ta ló yẹ fún, ta ni kò yẹ fún

N kò ní tan yín jẹ pé kò séwu. Ní ọdún 2010, ìwádìí CREST fi stent wé iṣẹ́ abẹ lára àwọn ènìyàn 2,502 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Bí wọ́n bá ro rọpárọsẹ̀, ìkọlù ọkàn àti ikú pọ̀, ọ̀nà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lẹ́yìn ọdún mẹ́rin: 7.2 nínú ọgọ́rùn-ún fún stent, 6.8 fún iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà ní ọjọ́ tó sún mọ́ iṣẹ́ náà. Rọpárọsẹ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tó gba stent, 4.1 sí 2.3. Ìkọlù ọkàn sì pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tí wọ́n la ọrùn wọn, 2.3 sí 1.1. Àwọn tó ti ju nǹkan bí ẹni 70 ọdún lọ ṣe dáadáa jù pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ, nítorí òpójẹ̀ àgbàlagbà máa ń lọ́, ó sì máa ń le, rọ́bà kì í rọrùn láti gbà kọjá láìgbọn ìdọ̀tí.

Nítorí ìrìn àjò gígùn tí rọ́bà ń rìn láti itan dé ọrùn yẹn ni àwọn kan ṣe ronú ọ̀nà kẹta, tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2015. Wọ́n á la ojú kékeré sí ìsàlẹ̀ ọrùn, wọ́n á ti ibẹ̀ wọ òpójẹ̀ ọrùn tààrà, wọ́n á sì dá ìṣàn ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn nígbà iṣẹ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sẹ́yìn á gbé ìdọ̀tí kúrò lọ́nà ọpọlọ, á gba inú asẹ́ kọjá níta, wọ́n á sì dá a padà sára láti itan.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Bí òpó kò bá tíì fún tó ìdajì, oògùn tó o. Bó bá ti dí pátápátá, wọn kì í sábà là á mọ́, nítorí ọpọlọ ti wá ọ̀nà ẹ̀yìn fún ara rẹ̀, lílà á sì lè tú ìdọ̀tí sílẹ̀. Ní ti ẹni tí ìkìlọ̀ kankan kò ṣe rí, tí wọ́n kàn ṣàdédé rí i pé òpó rẹ̀ ti fún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ìjíròrò gidi pẹ̀lú dókítà. Ìwádìí ACST-2 tó jáde ní ọdún 2021, lára irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ 3,625, rí i pé stent àti iṣẹ́ abẹ ń dáàbò bo ènìyàn bákan náà láàárín ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é kíákíá láìbi yín léèrè ohun tó ṣe yín rí, ẹ lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà kejì.

Ohun tí stent kò lè ṣe

Stent tún ibi kan ṣe. Kò wo àrùn tó ba òpó náà jẹ́ sàn. Àrùn kan náà ń bá òpójẹ̀ kejì jà, ó ń bá ti ọkàn jà, ó ń bá ti ẹsẹ̀ jà. Nítorí náà ni bàbá wa yóò máa lo clopidogrel fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, tí yóò máa lo aspirin títí ayé, pẹ̀lú oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó bá dá oògùn yìí dúró nítorí pé ara òun ti yá ń fi irin ọrùn rẹ̀ ṣeré, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ní ti àwa tí a wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí agbára wa wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn ló ṣáájú ìwádìí SIREN, tí èsì rẹ̀ jáde nínú Lancet Global Health ní ọdún 2018. Wọ́n fi àwọn ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní Nàìjíríà àti Gánà wé iye kan náà tí kò kọlù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gba iwájú gbogbo ohun tó ń fà á. Lára àwọn tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá, iyọ̀ tí ènìyàn ń bù sí oúnjẹ lórí tábìlì, àti àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé. Ẹ̀fọ́ tútù tí ìyá wa ń tà lọ́jà wà lára ohun tó ń dáàbò bo ọpọlọ wa.

Ìwádìí náà tún fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rọpárọsẹ̀ wa kì í ṣe ti òpó tó dí, bí kò ṣe ti òpó tó bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ọpọlọ. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ẹ má ṣe fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ ní aspirin nílé kí wọ́n tó ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń dà, aspirin á mú un dà sí i. Ẹ má rọ àgbo sí i lẹ́nu, nítorí ọ̀fun rẹ̀ lè má gbé e mì, kó sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Bí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí apá kan bá kọ̀ tí kò gbé, bí ọ̀rọ̀ bá lọ́ lẹ́nu, bí ojú kan bá ṣú, ẹ wo aago, ẹ rántí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ yín. Bó bá sọjí lójú ọ̀nà, ẹ má ṣẹ́rí padà. Obìnrin ìlú London yẹn rí ìkìlọ̀ 33 kó tó di pé wọ́n là á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí ju ẹyọ kan lọ.